Ọ́fíìsì oníṣirò owó orí kan ní Òkè-Fíà, Òṣogbo: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìdílé wa àti fún ìsọ̀ ìránṣọ wa

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ láti ẹnu àwọn oníbàárà mi ni pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ owó orí wọn lọ ní Òṣogbo tí kò ní rẹ́ wọn jẹ. Ìdáhùn mi ni ọ́fíìsì kékeré kan tí ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní agbègbè Òkè-Fíà, níbi tí obìnrin kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó ti ń gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù nímọ̀ràn, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń bá a ṣiṣẹ́. Màmá náà kò fẹ́ kí a gbé orúkọ ọ́fíìsì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé èrò tí ń wá sọ́dọ̀ wọn ti pọ̀ ju agbára wọn lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ wọn. Síbẹ̀, mo gbà pé àlàyé kíkún lórí iṣẹ́ wọn yóò ṣe ẹni tí ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láǹfààní, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó padà lọ, nítorí pé yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè àti ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi òun náà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé wa débẹ̀. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin lórí owó orí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Táíwò Oyèdélé darí ti ṣe lórí wọn. Èyí tí ó kan ìdílé bíi tiwa jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Nigeria Tax Act, nítorí pé òun ni ó sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san àti ohun tí a lè yọ kúrò kí a tó ṣírò owó orí. Gbogbo ènìyàn ni ó ti gbọ́ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí mọ́, òtítọ́ sì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ni pé òfin yìí kan náà ti fagi lé àdínkù àtijọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìwé, ìyẹn ₦200,000, ó kéré tán, pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un. Àwọn àdínkù tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera ti NHIS, owó NHF tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ilé, owó ìdójútòfò ẹ̀mí, èlé orí ẹ̀yáwó tí ènìyàn fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, àti owó ilé tí a ń san fún onílé, èyí tí ó jẹ́ tuntun láàrin wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n nílò ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ lè máa gbọ́ ìròyìn ìdẹ̀ra owó orí lórí rédíò lójoojúmọ́ kí ó má sì rí i lápò rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tí ó dára ṣe pàtàkì ní ọdún yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára Màmá Oníṣirò, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ni pé wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò títí wọ́n fi bi èmi àti ìyàwó mi ní ìbéèrè tán. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ilé tí ẹ ń gbé, ṣé tiyín ni àbí ẹ ń san owó rẹ̀? Orúkọ ta ni ó wà lórí rìsíìtì? Ìyá Ìbejì, ṣé ilé-ìwé yín ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀?" Wọ́n bi wá bóyá a ní ìdójútòfò ẹ̀mí, bóyá a ń kọ́lé lọ́wọ́, bóyá ilé-ìfowópamọ́ ni ó yá wa lówó tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo ń ránṣọ fún ti yọ owó orí sílẹ̀ kí ó tó sanwó fún mi rí. Mo ti bá àwọn kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pàdé rí tí ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ní kò ju "Èló ni ẹ fẹ́ san?" lọ, bí ẹni pé owó orí jẹ́ ohun tí a ń ná bí a ti ń ná aṣọ lọ́jà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí ó bi ọ́ nípa ọ̀nà tí ìdílé rẹ ń gbà jẹun ni mo fẹ́ kí ẹni tí ń ka àkọsílẹ̀ yìí fi sọ́kàn.

Ìyàwó mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, èyí tí ó jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá 8 nínú 100, jẹ́ ₦144,000. Owó ilé wa jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, òfin sì gbà kí ènìyàn yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ó san ní tòótọ́, bí ohun tí ó yọ kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Nítorí náà, ₦80,000 ni a rí yọ. Ohun tí ó kù lẹ́yìn méjèèjì jẹ́ ₦1,576,000. Nígbà tí a yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦776,000, ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ ₦116,400 fún odindi ọdún, ìyẹn ₦9,700 lóṣù. Màmá wá fi òfin àtijọ́ ṣe ìṣirò kan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ ₦133,712. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ₦17,312 ni òfin yìí dín kù fún yín lọ́dún. ₦12,000 nínú rẹ̀ ni ó ti ara rìsíìtì owó ilé wá. Bí ẹ kò bá mú rìsíìtì yẹn wá, ₦5,312 péré ni ẹ ó rí."

Mo mọrírì òtítọ́ yẹn púpọ̀. A ti gbọ́ láti ẹnu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì kò ní san owó orí mọ́, ìyàwó mi sì ti ń fi ọkàn ṣírò ohun tí òun yóò fi owó náà ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kí oníbàárà máa yìn òun ì bá jẹ́ kí ìrètí yẹn dúró di ìgbà tí yóò fúnra rẹ̀ já. Màmá sọ òkodoro rẹ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ tì í lẹ́yìn: nígbà tí wọ́n yẹ ìwé owó oṣù ìyàwó mi wò, wọ́n rí i pé ilé-ìwé náà ṣì ń fi ìpele àtijọ́ yọ owó orí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka owó ilé ẹnikẹ́ni sí. Ọ́fíìsì náà kọ lẹ́tà olójú ewé kan tí a fi ìṣirò sí nínú, láìsí ìbínú kankan nínú rẹ̀, ìyàwó mi sì mú un lọ fún akọ̀wé owó. Wọ́n tún un ṣe ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kì í sì ṣe fún òun nìkan, nítorí pé àwọn olùkọ́ yòókù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó rìsíìtì owó ilé wọn wá.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì owó ilé yìí fẹ́ àlàyé ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe é lọ. Ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé lójúkojú, tí wọn yóò sì kọ rìsíìtì tí kò ní déètì, tàbí kí wọ́n fa ewé ya láti inú ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé. Àwọn kan kì í tilẹ̀ fẹ́ kọ ohunkóhun, nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé náà yóò fi iye tí ń wọlé fún àwọn náà hàn. Ìmọ̀ràn tí Màmá fún wa rọrùn: kí a máa fi owó ilé ránṣẹ́ láti ilé-ìfowópamọ́, kí a sì máa kọ "owó ilé" àti ọdún tí a san án fún sí ibi àlàyé, kí a tọ́jú ìwé àdéhùn ilé, kí orúkọ ẹni tí yóò béèrè fún àdínkù náà sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó san owó. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé tọkọtaya kò lè fi owó ilé kan náà béèrè fún àdínkù lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé ìyàwó mi ni ó ń san tiwa, òun ni ó jẹ àǹfààní náà, èmi kò sì fi kan ìṣirò tèmi.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, bàbá kan béèrè bóyá òun lè gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, nítorí pé ilé ẹbí ni òun ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, òun sì ń náwó lórí òrùlé rẹ̀ lọ́dọọdún. Màmá fèsì pé, "Bàbá, ẹ má ṣe é. Ẹni tí kò san owó ilé kò ní owó ilé láti yọ." Mo gbà pé ìdáhùn náà tọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé òfin náà kò ro ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí agbo ilé ṣì pọ̀ tó báyìí, ẹni tí ń kan páànù ilé bàbá rẹ̀ ń gbé ẹrù tí ó jọ ti ayálégbé, àdínkù kankan kò sì sí fún un.

Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n fi hàn wá kan àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kéré, mo sì fẹ́ kí ó tàn kálẹ̀. Òfin sọ pé ẹni tí ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn ₦70,000, kò ní san owó orí kankan. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ₦75,000 ni ìjọba fọwọ́ sí, èyí tí ó jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, tí ó sì ju ₦800,000 lọ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì ₦72,000 lọ́wọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ku ₦828,000, owó orí yóò sì wà lórí ₦28,000, èyí tí ó jẹ́ ₦4,200. Bí ó bá ń san ₦150,000 fún onílé, tí ó sì mú rìsíìtì wá, ₦30,000 yóò tún kúrò, owó orí rẹ̀ yóò sì di òdo. ₦4,200 lè má jọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó tó ra ìwé ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìsọ̀ wa, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó tí a san fún wọn kò ṣòfò rárá. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré tí ohun tí ó ń tà lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ kò ní san owó orí lórí èrè mọ́. Màmá béèrè pé, "Bàbá Ìbejì, báwo ni ẹ ṣe forúkọ ìsọ̀ yín sílẹ̀ ní CAC?" Mo sọ pé orúkọ òwò ni. Wọ́n wá ṣàlàyé pé kọ́ńpìnnì ni òfin yẹn ń bá wí, ìyẹn èyí tí ohun tí ó ń tà kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000 lọ. Irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́, kò sì ní san owó ìdàgbàsókè ìdá 4 nínú 100 tí àwọn ńlá ń san. Ẹni tí ó ní orúkọ òwò lásán, òun àti òwò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú òfin, èrè òwò náà sì jẹ́ owó tí ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀, tí yóò san owó orí lé lórí fún ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ₦800,000. Wọ́n fi kún un pé kọ́ńpìnnì tí ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn tàbí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú bíi tiwọn kò sí lára àwọn tí òfin kà sí kékeré, bó ti wù kí ohun tí ń wọlé fún un kéré tó.

Mo béèrè bóyá kí n kúkú sọ ìsọ̀ náà di kọ́ńpìnnì. Wọn kò gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọn ì bá gbà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì ní ìwé ọdọọdún tirẹ̀ tí yóò máa fi ránṣẹ́ sí CAC àti sí NRS, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀ tí ó rọ́pò FIRS, kódà nígbà tí owó orí rẹ̀ bá jẹ́ òdo. Owó oṣù tí mo bá sì ń gbà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì náà yóò ṣì san owó orí gẹ́gẹ́ bí ti ìyàwó mi. Wọ́n ní kí ìsọ̀ náà dàgbà díẹ̀ sí i ná. Ìmọ̀ràn tí ó bu owó kù fún ẹni tí ó fúnni ní i, mi ò tíì rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìwé ìtajà wa palẹ̀ láti ṣe ìṣirò àfojúdá fún ọdún 2026. Bí a bá tà tó ₦6,400,000, tí owó aṣọ, òwú, bọ́tìnnì, epo jẹnẹrétọ̀, iná, owó ìsọ̀ àti owó àwọn tí ń bá mi ránṣọ bá jẹ́ ₦4,900,000, èrè yóò jẹ́ ₦1,500,000. Owó ìsọ̀ wọ inú ìnáwó iṣẹ́ lódindi, kì í ṣe ìdá 20 nínú 100 bí ti ilé tí a ń gbé. Owó máṣíìnì tuntun kò ṣeé yọ lẹ́ẹ̀kan náà, pínpín ni a ó pín in sórí ọdún mélòó kan. Owó ilé-ìwé àwọn ìbejì kò sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni epo tí a bù nínú kẹ́ẹ̀gì ìsọ̀ lọ sílé kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù pupa fa igi lé gbogbo ohun tí mo ti kọ pọ̀ mọ́ ti iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n ya àkáǹtì ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tèmi, nítorí pé bí àkọsílẹ̀ kò bá ṣe é gbára lé, àwọn agbowó orí lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú díwọ̀n iye tí a jẹ, ojú tí wọ́n sì fi ń díwọ̀n kì í sábàá jọ tiwa. Lórí ₦1,500,000 yẹn, owó orí jẹ́ ₦105,000.

Ibi tí a ti rí owó jù lọ ni mo ń bọ̀ wá sọ báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo rán aṣọ iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, iye rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,800,000, ṣùgbọ́n ₦1,764,000 ni ó wọ àkáǹtì mi. Mo ti ka ₦36,000 tí ó kù sí ohun tí ó ti bọ́. Màmá sọ pé òfin ni ó ní kí wọ́n yọ ìdá 2 nínú 100 sílẹ̀ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì san án fún ìjọba ní orúkọ mi, ṣùgbọ́n owó mi ni: a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó orí fúnra rẹ̀, kì í ṣe kúrò nínú èrè. Bí a bá kà á mọ́ ìnáwó lásán, ₦5,400 ni ì bá dín kù. Nígbà tí a yọ ọ́ kúrò nínú ₦105,000, gbogbo ₦36,000 ni ó dín kù, ohun tí ó kù láti san sì di ₦69,000. Ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n ti san án fún ìjọba ni ó ṣòro láti rí gbà. Ilé-iṣẹ́ náà ń dá ọjọ́ fún mi, wọn kò sì mú un ṣẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ọ́fíìsì Màmá ni ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń kọ̀wé sí wọn, ó ń pè wọ́n, títí ìwé náà fi jáde. Ó tún sọ fún mi pé bí n kò bá ti ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọn ì bá yọ. Fún ẹni bíi tèmi tí kò dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, NIN ti di nọ́ńbà náà báyìí. Gbogbo ẹni tí ń ta ọjà tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ fún ilé-ìwé ńlá, ilé-ìwòsàn tàbí ìjọba ní Òṣogbo yìí, kí ó lọ wo ohun tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó ni ó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà béèrè ìdí tí ìjọba wa kò fi ń dá owó padà fún òbí lórí iye ọmọ. Màmá dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé lóòótọ́ ni Amẹ́ríkà máa ń yọ tó $2,200 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó orí òbí fún ọdún 2025, àti pé láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ní ètò mìíràn fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré, èyí tí ó lè di owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin tiwa kò ní ohun kan tí a ń yọ nítorí ọmọ. Ohun tí ó wà fún ìdílé níbí ni pé VAT, owó orí tí a ń san lórí ọjà, kò sí lórí oúnjẹ ojoojúmọ́, ìwé ilé-ìwé, oògùn, owó ilé àti ọkọ̀ èrò. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin ronú sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, nítorí pé àdínkù owó ilé kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àpọ́n àti ẹni tí ó ní ọmọ márùn-ún.

Àléébù wọn kò ṣàì sí. Àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ìwé tí wọ́n ń fún oníbàárà jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ń fi Yorùbá tí ó mọ́ gaara ṣàlàyé, ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣòwò bá dé ilé, ìwé tí kò lè kà ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlàyé náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ojú ewé kan péré ní Yorùbá, tí ó sọ àwọn ìwé tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú, ì bá tó. Èkejì ni pé wọn kò kọ iye owó iṣẹ́ wọn sí ibi tí ènìyàn lè rí i. Wọ́n gba ₦20,000 lórí ti ìyàwó mi àti ₦45,000 lórí ìsọ̀, títí kan ìwé-ẹ̀rí owó tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn, n kò sì rò pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá aláta kan láti Ọjà Ọba tí wọ́n dá ₦20,000 lé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ń wọlé fún un kò lè dé ₦800,000. Ó yẹ kí owó tirẹ̀ kéré púpọ̀ sí ìyẹn. Mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n sì gbọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àyípadà.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó sì kù díẹ̀ káàtó jù, ni ọ̀rọ̀ ìparí oṣù kẹta. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni gbèdéke tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní láti fi ìwé owó orí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú gbèdéke yẹn, èrò kún àtẹ̀gùn, íntánẹ́ẹ̀tì ń já, àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn dáadáa mọ́. Wọ́n kọ ọjọ́ ìbí mi sódì lórí ìwé kan, a sì tún un ṣe lẹ́yìn ìdúró gígùn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé àsìkò náà ń bọ̀, ó yẹ kí wọ́n gba ẹni kẹta tì.

Ohun tí kò jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí ni ìwà wọn lórí owó. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí owó orí. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ìsanwó jáde, àwa fúnra wa ni a sì san án láti ilé-ìfowópamọ́ sínú àpò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, rìsíìtì sì jáde ní orúkọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ìpín nínú ohun tí wọ́n bá bá wa dín kù, èyí tí ó máa ń mú kí àwọn mìíràn kọ irọ́ sínú ìwé oníbàárà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí o san owó orí rẹ sínú àkáǹtì òun, pé òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì ìjọba, má ṣe jókòó tì í.

Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ nìkan ni ó ní, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gba rìsíìtì owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kò nílò wọn. Aránṣọ, oníṣẹ́ igi, aláró, ẹni tí ń ta oúnjẹ fún ilé-iṣẹ́, àti tọkọtaya tí ọ̀kan ń gba owó oṣù tí èkejì ń ṣòwò, àwọn ni mo rò pé yóò rí àǹfààní jù lọ. Kí wọ́n mú NIN, ìwé àdéhùn ilé, ẹ̀rí owó ilé, àkọsílẹ̀ àkáǹtì ilé-ìfowópamọ́ fún odindi ọdún, ìwé CAC bí ó bá wà, àti ìwé owó oṣù ẹnì kejì wọn dání. Ọ́fíìsì náà máa ń ṣí ní ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, Màmá fúnra wọn kì í sì í sábàá sí níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ní tiwa, oṣù kìíní ọdún tí ń bọ̀ ni a ó padà lọ, kí èrò tó dé.